Ráútà Tí Ẹnjiníà Pa Ọpọlọ Rẹ̀ Dà

Aránṣọ tó ń gbé lókè ilé Ẹnjiníà àti ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi, lọ́jọ́ tí mo lọ wọn aṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ń sọ ọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, píìnì wà láàárín ètè rẹ̀, ọkàn mi ò sì balẹ̀ kó má lọ gbé e mì. Lẹ́yìn náà ni ìyàwó ilé fúnra rẹ̀ wá fi èyí tí aránṣọ kò mọ̀ kún un. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi ni mo ṣe ń sọ ọ́.

Ìyàwó yìí, ògbufọ̀ ni láàárín adití àti ẹni tó ń gbọ́ràn. Bí adití bá fọwọ́ sọ̀rọ̀, á fẹnu sọ ọ́. Bí ẹlòmíràn bá fẹnu sọ̀rọ̀, á fọwọ́ sọ ọ́. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ, kí ilé ẹ̀kọ́ kankan tó fún un ní ìwé ẹ̀rí. Adití ni ìyá náà láti kékeré, Màmá ni gbogbo wọn ń pè é, ọ̀rọ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ju èyí tó wà lẹ́nu ẹlòmíràn lọ. Nígbà tí ìyàwó kọ́kọ́ wọ ilé wọn, kò mọ̀ ju kó máa rẹ́rìn-ín kó sì máa mi orí. Màmá wò ó, wò ó, ó wá fọwọ́ sọ nǹkan kan fún ọmọ rẹ̀. Ọmọ kọ̀, kò túmọ̀ rẹ̀. Ìyàwó pinnu lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun á mọ ohun tí wọ́n sọ yẹn bó pẹ́ bó yá. Kí ọdún tó yípo, ó ti mọ̀ ọ́n: "Ọmọ dáadáa ni, àmọ́ ó ń mi orí bí alángbá." Ó sì ti fọwọ́ fèsì pé alángbá tó já láti orí ìrókò ni òun, bí ẹnì kankan ò bá yin òun, òun á yin ara òun. Láti ọjọ́ náà ni àwọn méjèèjì ti di ọ̀rẹ́.

Ọkọ rẹ̀, fíríìjì ló ń tún ṣe. Ẹnjiníà ni wọ́n ń pè é ládùúgbò. Àwọn kan fi ń yẹ́ ẹ sí, àwọn kan fi ń ṣe é ní yẹ̀yẹ́, òun sì ń jẹ́ gbogbo wọn lóhùn. Orúkọ tí Màmá fún un ní èdè ọwọ́ tiwọn ni kéèyàn fi ìka ṣe bí ẹni ń yí nọ́ọ̀tì ní ẹ̀bá orí. Ọwọ́ rẹ̀ kì í sinmi. Nínú ilé wọn, ohun tí kò tíì bàjẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ tú wò.

Ìlú mìíràn ni ìyàwó ti ń ṣiṣẹ́ tipẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ló ń wọkọ̀ lọ, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ló ń wọkọ̀ bọ̀. Bó bá wọlé tán, á máa bèèrè ibi tí wọ́n ń kó ṣíbí sí, bí àlejò nínú ilé ara rẹ̀. Ó wá ṣẹlẹ̀ pé ilé ìwòsàn ńlá kan ń wá ògbufọ̀ tí á máa ti ilé ṣiṣẹ́ lórí fídíò. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Ìdánwò ló kù: adití kan á jókòó síwájú dókítà lọ́hùn-ún, òun á sì máa ti inú yàrá rẹ̀ túmọ̀ fún àwọn méjèèjì, ọ̀gá kan á jókòó tì wọ́n, á máa wò wọ́n. Ọ̀sán ni wọ́n fi ìdánwò náà sí, ó sì ti gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ nítorí rẹ̀. Bó bá yege, ó dágbére fún ọkọ̀ ọjọ́ Ajé nìyẹn. Bí kò bá yege, á padà sídìí fèrèsé ọkọ̀.

Nítorí iṣẹ́ yìí gan-an ni Ẹnjiníà ṣe dáwọ́ lé ráútà ilé wọn, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì yíká ilé. Ó nu sọ́fítíwià tí ilé iṣẹ́ fi sínú rẹ̀ kúrò pátápátá, ó sì fi òmíràn tí àwọn ọlọ́gbọ́n kan ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ayélujára rọ́pò rẹ̀. "Ọpọlọ tuntun" ló pè é. Ó ní pẹ̀lú ọpọlọ àtijọ́, nǹkan mẹ́ta péré lèèyàn lè yí nínú ráútà náà, pé pẹ̀lú ti tuntun, kò sóhun téèyàn ò lè yí. Ó sì yí gbogbo rẹ̀.

Àtìgbà náà ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń rìn bí ẹni tí bàtà ń ta.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí ìdánwò ku ọ̀la, ìyàwó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lórí fídíò kó lè fi ṣe ìgbáradì. Adití ni ọ̀rẹ́ náà, aago ló ń tún ṣe. Tábúlẹ́ẹ̀tì ni ìyàwó fi ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, nítorí ó gbọ́dọ̀ dìde dúró níwájú ògiri funfun kí gbogbo apá rẹ̀ lè hàn, tábúlẹ́ẹ̀tì náà kò sì ní ojú tí wọ́n ń ki wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì sí. Ó bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí ọ̀rẹ́ òun kà á sí pé dókítà ló ń bá a sọ̀rọ̀ nípa oògùn. Kò tíì jìnnà tí àwòrán gan pa. Ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ dúró sójú afẹ́fẹ́, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ bí ẹja tí wọ́n gbé kúrò lómi. Nígbà tí àwòrán tún mí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń bínú.

"Ṣé o ní kí n lo oògùn náà ni, àbí kí n má lò ó?" Bẹ́ẹ̀ ló fọwọ́ bi í. "Ọwọ́ ẹ gan níbi tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́ yà. Aláìsàn gidi ì bá ti kú mọ́ ẹ lọ́wọ́!"

Ìyàwó gbé tábúlẹ́ẹ̀tì kalẹ̀. Ó jáde sí pálọ̀, ó bá ọkọ rẹ̀ tó jókòó ti ráútà bí ẹni tó ń ṣọ́ adìyẹ tó sàba.

"Ẹnjiníà, mo bẹ̀ yín, ẹ dá ọpọlọ àtijọ́ padà fún nǹkan yìí."

"Ọpọlọ wo? Èyí tó sọ ọ́ dẹrú? Ìyàwó mi, ráútà yìí ti gba òmìnira."

"Ó gba òmìnira, ó wá ya ọ̀lẹ."

"Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó ń kọ́ ara rẹ̀ ni."

"Kó tètè kọ́ ọ o, nítorí ọ̀la ni tèmi."

Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. Ó mọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́ fún wọn. Òun náà ló ń dá sùn, tó ń dá jẹun, tó ń gbé tẹlifóònù lérí ìrọ̀rí lọ́jọ́ Ajé títí di Ọjọ́bọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Ó kọ́kọ́ ki wáyà láti ara ráútà bọ inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ àtijọ́, ó wọn eré nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Eré ajá ọdẹ ni. "Ó dáa," ó ní, "àwọn tó ń ta nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún wa ò jẹ̀bi. Láti ìta dé inú ráútà, ọ̀nà mọ́. Láti ara ráútà sínú afẹ́fẹ́ ni wàhálà wà." Ó yọ wáyà, ó tún wọn ọ́n láti inú afẹ́fẹ́, ìdí ráútà náà ló sì jókòó sí. Eré ìgbín.

"Ṣé ó jìnnà sí i jù ni?" ìyàwó bi í.

"Kò lè sún mọ́ mi jù báyìí lọ, àyàfi tí mo bá gbé e jẹ."

Ó ní kí wọ́n pa gbogbo ohun tó ń lo afẹ́fẹ́ nínú ilé. Wọ́n pa tẹlifóònù, wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n, wọ́n pa rédíò tí kò ní wáyà, wọ́n yọ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ gbóná. Ó sáré gun òkè lọ bẹ aránṣọ pé kó bá òun pa ti tirẹ̀ náà. Aránṣọ pa á, ó sì tẹ̀ lé e bọ̀, ó ní òun ò lè pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì òun kí òun má wá wo ohun tí wọ́n fi ṣe.

"Ẹ wò ó o," aránṣọ wí bó ti ń wọlé, "mo ti pa tèmi. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé èmi ni mo jẹ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé yìí."

"Ta ló fẹ̀sùn kàn yín?"

"Ojú yín ló fẹ̀sùn kàn mí, Ẹnjiníà."

Ó tún wọn ọ́n. Ìgbín náà ni.

Ó ṣí ojú ewé ráútà lórí kọ̀ǹpútà, ó ń ṣàlàyé bí olùkọ́. Ó ní afẹ́fẹ́ pín sí ọ̀nà ọ̀nà, bí ìgboro, ráútà kọ̀ọ̀kan á sì mú ọ̀nà tirẹ̀. Ọpọlọ àtijọ́ ló máa ń fúnra rẹ̀ yan ọ̀nà, kì í bèèrè lọ́wọ́ òun. Ṣùgbọ́n òun ti fi ojú ara òun wo orúkọ gbogbo ráútà àdúgbò lórí kọ̀ǹpútà, òun ti rí ọ̀nà kan tí ó ṣófo tí kò sẹ́ni kankan lórí rẹ̀, òun sì ti kan ráútà mọ́ ọn bí ẹni kan ìṣó. Lẹ́yìn náà òun fẹ ọ̀nà náà ní ìlọ́po méjì, òun sì sún agbára ráútà dé òpin kí ohùn rẹ̀ lè dé ibi gbogbo.

"Ó ń pariwo, kò sì sọ nǹkan kan," ìyàwó wí. "Mo mọ irú ẹ̀. Àwọn dókítà kan máa ń pariwo mọ́ adití báyìí."

Aránṣọ fi ọwọ́ bo ẹnu.

Nígbà gbogbo tí èyí ń lọ, Màmá wà lọ́nà ilé ìdáná, ó ń tọ́jú aṣọ tí ìyàwó máa wọ̀ lọ́jọ́ kejì, ó fẹ́ lọ̀ ọ́. Aṣọ dúdú tí kò ní iṣẹ́ ọnà kankan lára ni, irú èyí tí àwọn ògbufọ̀ máa ń wọ̀ kí ọwọ́ wọn lè hàn ketekete lórí rẹ̀. Òrùka kò sí, ọ̀dà èékánná kò sí. Ìrònú Màmá ni pé bí wọn ò bá gba ìyàwó òun síṣẹ́, kó má jẹ́ nítorí aṣọ rírún.

Lójijì, tábúlẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́wọ́ ìyàwó jí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ hàn kedere, ó ń jẹ ẹ̀pà, àní èèpo ẹ̀pà tó já bọ́ sórí tábìlì aago rẹ̀ hàn. Ẹnjiníà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yí nǹkan mẹ́ta papọ̀ lórí ojú ewé náà fò sókè.

"Mo sọ bẹ́ẹ̀! Ẹ ò ní fúnni láàyè! Ẹ pè mí lórúkọ mi!"

"Ẹnjiníà!" aránṣọ pariwo.

"Ẹ tún pè mí!"

"Ẹnjiníà ńlá!"

Ó ń jó yí àga po. Ìyàwó ń fọwọ́ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ń dà bí omi. Ijó kò tíì yípo tán tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tún gan, ẹ̀pà dúró ní ẹnu ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ẹnjiníà dúró lórí ẹsẹ̀ kan.

"Èwo nínú mẹ́ta yẹn lẹ yí padà?" ìyàwó bi í.

"Mi ò yí èyíkéyìí padà. Mò ń jó."

"Ó dáa, èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́?"

Ẹnjiníà ń nàka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń mú ìka kúrò. Ìyàwó ní, "Bí mo bá fi ọwọ́ kan sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ta ló máa gbọ́? Ẹ máa yí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan." Ọkọ rẹ̀ mọ̀ pé òótọ́ ni, ó sì jókòó padà bí ọmọ ilé ìwé.

Ó dá ọ̀kan padà, kò sí ìyàtọ̀. Ó dá ìkejì padà, kò sí. Kò tíì kan ìkẹta tí tábúlẹ́ẹ̀tì tún jí fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan nǹkan.

"Ìwin ti wọ̀ ọ́," aránṣọ wí.

Ìyàwó ń wo ibòmíràn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wo ọwọ́. Ojú rẹ̀ kì í fi ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀, ibi yòówù kó wà. Láti ibi tó dúró sí, ó ń rí Màmá lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Màmá ti gbé aṣọ dúdú náà sókè sójú ìmọ́lẹ̀, kò fẹ́ràn apá rẹ̀ kan, ó sì ti padà lọ lọ̀ ọ́. Ṣáájú kó tó tún lọ̀ ọ́, ó tẹ̀ ba, ó fa nǹkan kan yọ lára sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ìta, ó sì ki wáyà ìlọṣọ sí ipò rẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀rẹ́ jí. Ìyàwó dúró, ó ń wò ó. Màmá lọ aṣọ tán, ó fa ìlọṣọ yọ, ó dá nǹkan tàkọ́kọ́ padà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ gan.

Ó ti yé ìyàwó.

Ohun tó wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì náà, ojú ilẹ̀kùn Màmá ni. Kámẹ́rà kékeré kan wà lókè ilẹ̀kùn ìta, àpótí kan wà lórí pẹpẹ bàtà tó ń fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ láìsí wáyà sí ojú kékeré kan bí ti tẹlifíṣọ̀n nínú ilé ìdáná. Bí ẹnì kan bá tẹ aago ilẹ̀kùn, iná pupa á tàn nílé ìdáná, Màmá á wo ojú náà, á mọ ẹni tó dé, á pinnu bóyá òun wà nílé tàbí òun ò sí nílé. Láti inú tẹlifíṣọ̀n tó ti kú àti kámẹ́rà tí ẹnì kan jù nù ni Ẹnjiníà ti tò ó jọ fún un. Ṣáájú ìgbà náà, bí kò bá sí ẹni tó ń gbọ́ràn nílé, Màmá kì í lè gba àlejò. Nínú ilé yẹn, wọn kì í pè é ní ẹ̀rọ. Etí Màmá ni. Èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pa gbogbo nǹkan nínú ilé, tí wọ́n gun òkè lọ pa ti aránṣọ pàápàá, tí kò sì sẹ́ni tó rántí rẹ̀. Ta ló ń ka etí mọ́ ẹ̀rọ? Màmá nìkan ló lè fọwọ́ yọ ọ́, ó kúkú jẹ́ tirẹ̀.

Ìyàwó wo ọkọ rẹ̀. Kí ló fẹ́ sọ? Pé nítorí kí òun lè máa bá adití tí òun ò mọ̀ rí sọ̀rọ̀, kí wọ́n gba etí adití tó kọ́ òun?

Màmá gbé aṣọ tó ti jọ̀lọ̀ wá sí pálọ̀. Ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fi aṣọ kọ́ apá àga kí ọwọ́ rẹ̀ lè dá láti sọ̀rọ̀.

"Kí ló dé tí ẹ ń wo ara yín bí ẹni tó fọ́ àwo?"

"Kò sí nǹkan, Màmá," ìyàwó fọwọ́ fèsì.

"Bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ sọ̀rọ̀ ni mo kọ́ ẹ. Mi ò kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń fi purọ́."

Ìyàwó bá sọ ọ́. Ó sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń fẹnu túmọ̀ rẹ̀ fún aránṣọ láìmọ̀ pé òun ń túmọ̀. Ẹnjiníà dá a dúró. "Kò lè jẹ́ òun! Mo wo orúkọ gbogbo ohun tó wà lórí ọ̀nà yẹn. Kò sí ẹyọ orúkọ kan!"

"Ṣé ojú ilẹ̀kùn ní orúkọ ni?" ìyàwó bi í.

Ẹnjiníà ya ẹnu. Ó yíjú sí kọ̀ǹpútà. Ojú ewé kan wà nínú ọpọlọ tuntun yẹn, irú èyí tí ti àtijọ́ kì í fi han ẹnikẹ́ni, tó ń fi ìwọ̀n ariwo tó wà nínú afẹ́fẹ́ hàn, yálà ariwo náà ní orúkọ tàbí kò ní. Kò tíì wò ó rí. Ìyàwó ní kí Màmá yọ ojú ilẹ̀kùn. Ariwo wálẹ̀ bí òjò tó dá. Ó ní kó dá a padà. Ariwo ga bí ilé alájà. Wọ́n ṣe é léraléra títí Màmá fi ní ṣé eré ọmọdé ni wọ́n ń fi òun ṣe.

Ẹnjiníà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ọ̀nà tó ṣófo," ó ní. "Mo rí ọjà tó dá páropáro, mi ò bèèrè ohun tó lé àwọn èèyàn ibẹ̀ sálọ. Gbogbo ráútà àdúgbò ló mọ̀ tí wọ́n yà fún un. Ráútà tèmi náà ti ń yà fún un tẹ́lẹ̀, kí n tó là á lóye."

"Òye pọ̀," aránṣọ wí.

Màmá ti ń rìn lọ síbi sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó yọ ojú ilẹ̀kùn, ó dì í mọ́ wáyà rẹ̀, ó gbé e wá fún ìyàwó bí ẹni gbé ẹ̀bùn wá. "Iṣẹ́ rẹ ṣe pàtàkì ju kí n mọ ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn tó ń wá mi, kí wọ́n máa kọ ìwé."

Ìyàwó fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà, ó ń mi orí, omi ti fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. "Mi ò gbà, Màmá. Bí iṣẹ́ yìí bá máa gba etí yín, kó lọ. Mo mọ ọ̀nà ibùdókọ̀."

"Alángbá," Màmá fọwọ́ wí, "ó tún ti ń mi orí." Ó wá gbé ojú ilẹ̀kùn náà kalẹ̀. "Mo fẹ́ bi yín tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tí ọmọ mi ti yí nọ́ọ̀tì orí ẹ̀rọ yẹn, òjò ń rọ̀ lójú ilẹ̀kùn mi. Àwọn ìlà funfun ni mo ń rí. Lọ́jọ́ kan mo ṣílẹ̀kùn fún ẹnì kan, mo rò pé ìwọ ni, ẹni tó ń ta ìgbálẹ̀ ni. Mo rò pé ojú mi ló ń gbó. Mi ò fẹ́ sọ fún yín, kí ẹ má lọ máa náwó nítorí ojú mi."

Ìyàwó túmọ̀ rẹ̀ fún aránṣọ. Ẹ ò rí i bí: ráútà ń pariwo bo ojú ilẹ̀kùn, ojú ilẹ̀kùn ń pariwo bo ráútà. Ìyàwó ń fara dà á nítorí Màmá, Màmá ń fara dà á nítorí wọn, àwọn ẹ̀rọ méjì sì ń jà lórí wọn.

Aránṣọ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Màmá rí èjìká rẹ̀ tó ń mì, òun náà bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín, àyàfi Ẹnjiníà tó ti na gbalaja sílẹ̀, tó ń fi iná tẹlifóònù wo abẹ́ àpótí ojú ilẹ̀kùn.

"Ó ní bọ́tìnnì!" ó kígbe. "Bọ́tìnnì wà lábẹ́ ẹ̀! Òun náà lè pààrọ̀ ọ̀nà! Èmi ni mo tò ó, mo ti gbàgbé!"

Wọ́n wá fara balẹ̀ ṣe é, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹnjiníà ki ojú ilẹ̀kùn padà sí sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó sì sún un lọ sí ìpẹ̀kun ọ̀nà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ìyàwó ní kó dúró, ó lọ wo ilé ìdáná, ó padà wá ní òjò ti fẹ́ dá. Ẹnjiníà wá tú ráútà kúrò ní ọ̀nà tó kàn án mọ́, ó gbé e lọ sí ìpẹ̀kun lọ́wọ́ òsì. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ jí lórí tábúlẹ́ẹ̀tì. Ó ní òun fẹ́ lọ sùn, pé láti ìgbà tí wọ́n ti ń pa òun tí wọ́n ń jí òun, ó ti rẹ òun. Wọ́n bẹ̀ ẹ́.

"Ẹ dín fífẹ̀ yẹn kù," ìyàwó wí.

"Ọ̀nà fífẹ̀ ló ń yára!"

"Nínú ìgboro tó há? Ẹ dín in kù."

Ó dín in kù sí ìdajì. Eré kò dín, ó lé sí i. Ó tún ku agbára tó sún dé òpin. Ẹnjiníà dì í mú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, òun náà ronú. Ó ní lóòótọ́, bí ráútà bá pariwo dé ìpẹ̀kun àdúgbò, ohùn tábúlẹ́ẹ̀tì kékeré yìí kò ní ga ju bó ṣe wà lọ, ráútà kò sì ní tìtorí igbe tirẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ìyàwó á wo ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, á ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀." Màmá wọ ilé ìdáná, ó jáde, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì sọ pé òun rí ológbò aránṣọ lẹ́nu ọ̀nà, òun sì rí ọ̀kọ̀ọ̀kan irun imú rẹ̀.

"Ẹ máa fi ológbò mi sílẹ̀," aránṣọ wí, ó sì gòkè lọ tan nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ìyàwó dúró níwájú ògiri funfun nínú aṣọ dúdú tó jọ̀lọ̀. Ẹnjiníà dúró ti ráútà, kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Màmá ti kìlọ̀ fún un pé bí ìka rẹ̀ bá sún mọ́ ọn, òun á so ó mọ́ àga. Lójú tábúlẹ́ẹ̀tì, dókítà kan jókòó, bàbá àgbàlagbà kan jókòó síwájú rẹ̀, ọ̀gá obìnrin tó fẹ́ dán an wò sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́, ó ká apá rẹ̀.

Dókítà béèrè bí ikọ́ bàbá náà ṣe ń ṣe é. Ìyàwó fọwọ́ bi í. Bàbá fèsì dáadáa, ìyàwó fẹnu sọ ọ́. Wọ́n ń bọ̀ wẹ́rẹ́. Nígbà tó yá, bàbá bojú wo ìsàlẹ̀, ó sọ nǹkan kan pẹ̀lú ìka kékeré nìkan, níbi itan rẹ̀, bí ẹni tó ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀. Ká ní àná ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá ti dà nù sínú àwòrán tó gan. Lónìí, ó hàn bí òwú funfun lórí aṣọ dúdú.

Ìyàwó mí sínú. Òfin iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ohunkóhun tí adití bá sọ, ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́.

"Ó ní," ó wí, "pé ta ló wọ ibọ̀sẹ̀ fún dókítà yìí láàárọ̀, nítorí ọ̀kan dúdú, ọ̀kan àwọ̀ ewé."

Dókítà wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ọ̀gá obìnrin náà wo ẹsẹ̀ dókítà. Òótọ́ ni. Dókítà bú sẹ́rìn-ín títí ó fi fi ọwọ́ nu ojú, bàbá náà wo ìyàwó láti inú tábúlẹ́ẹ̀tì, ó sì fọwọ́ sọ pé, "O rí i? Mi ò mọ̀ pé o lè rí i." Ìyàwó fẹnu sọ ìyẹn náà. Láti ibẹ̀ lọ, bàbá kò fi nǹkan kan pamọ́ mọ́. Ó sọ ti ẹ̀jẹ̀ tó ń rí nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀, èyí tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí nítorí ìtìjú. Ojú dókítà yí padà, ó kọ̀wé pé kí wọ́n ya fọ́tò àyà rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ó ṣàlàyé oògùn, èyí tí á lò àti èyí tí kò gbọ́dọ̀ lò. Bàbá fọwọ́ tún un sọ láìṣì.

Bí wọ́n ti ń parí lọ, iná pupa tàn nílé ìdáná. Màmá wo ojú ilẹ̀kùn, ó rí aránṣọ tó gbé àwo èso dání, tó ń rọ ọrùn kó lè yọjú. Màmá yọrí lójú fèrèsé, ó fi ìka kan ètè, ó ní kó dúró. Lójú tábúlẹ́ẹ̀tì ìyàwó, kò sóhun tó gbọ̀n.

Ọ̀gá obìnrin náà tú apá rẹ̀ ká. "Ẹ ò fi ohunkóhun sílẹ̀," ó ní. "Kì í ṣe gbogbo ògbufọ̀ ni ìbá sọ ti ibọ̀sẹ̀. Ẹ wọlé síṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé." Ó wá rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú, ó ti mọ́ mi lẹ́nu. Ẹ jókòó sílé yín lọ́jọ́ Ajé."

Ìyàwó pa tábúlẹ́ẹ̀tì. Ó jáde sí pálọ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kí Màmá lè rí i láti ilé ìdáná, ó sì sọ ọ́. Ẹnjiníà tó gbọ́ gbogbo rẹ̀ látẹ̀yìn ilẹ̀kùn gbé e lẹ́sẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀. "Ẹ gbé mi sọ̀ kalẹ̀!" ó ń pariwo, "ẹ gbé mi sọ̀ kalẹ̀, mo ní ilé tí mo fẹ́ máa gbé!" Aránṣọ wọlé pẹ̀lú àwo èso, ó béèrè bóyá kí òun sunkún ni tàbí kí òun rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kó ṣe méjèèjì.

Màmá ní tirẹ̀ kò dúró wo ìyókù. Ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà nílé ẹgbẹ́ àwọn adití lópin àdúgbò, gbogbo wọn ló ti ń béèrè láti àárọ̀, òun sì ni ìròyìn yìí yẹ lọ́wọ́ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ó pa iná, ó tú aṣọ ìdáná ju sórí àga, ó ki ẹsẹ̀ sínú bàtà. Ẹnjiníà rí gíláàsì ojú Màmá lórí tábìlì, ó gbé e, ó sáré dé ẹnu ọ̀nà.

Màmá ti jìnnà lójú títì. Ó ń yára, báàgì rẹ̀ ń gbá a ní ìgbáròkó, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì ti wà lókè níwájú rẹ̀, ó ti ń sọ ìròyìn náà fún afẹ́fẹ́, ó ń wá bí á ṣe dùn jù. Ìyàwó wá dúró ti ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó gba gíláàsì náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó fi í sílẹ̀. Wọ́n ń wò ó títí ó fi yà sí kọ̀rọ̀ títì, kò sì bojú wẹ̀yìn.